Packard ní ká béèrè, òun fúnra rẹ̀ kò béèrè

Fún ohun tó lé ní àádọ́ta ọdún, gbólóhùn kan ṣoṣo ni ilé iṣẹ́ Packard fi ń polówó ọkọ̀ rẹ̀: “Ẹ bi ẹni tó ní in.” Ìtàn tí wọ́n máa ń sọ ni pé ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún tó kọjá, ẹnì kan kọ lẹ́tà sí wọn ní ìlú Warren, ìpínlẹ̀ Ohio, pé kí wọ́n fi ìwé tó ṣàlàyé ọkọ̀ náà ránṣẹ́ sí òun. Wọn ò tíì tẹ irú ìwé bẹ́ẹ̀ nígbà náà. James Ward Packard wá sọ fún akọ̀wé rẹ̀ pé kó fèsì pé kí ọkùnrin náà lọ bi ẹni tó ní in. Ẹni tí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ dá lójú ló ń sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ní ọjọ́ 1, oṣù kẹwàá, ọdún 1954, ilé iṣẹ́ yìí kan náà ra Studebaker, ilé iṣẹ́ ọkọ̀ mìíràn tó wà ní South Bend, ìpínlẹ̀ Indiana. Kò bi ẹni tó ní in bó ṣe yẹ. Ọdún méjì kò pé lẹ́yìn ìyẹn tí ọkọ̀ Packard tó kẹ́yìn fi jáde ní Detroit. Oríṣiríṣi nǹkan ni àwọn èèyàn máa ń di ẹ̀bi ikú Packard lé lórí. Ní tèmi, ọjà kan yìí ló pa á, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ara rẹ̀ kò le tẹ́lẹ̀.

Ká tó débẹ̀, ó yẹ ká mọ irú ẹni tó kú. Ìbínú ló bí Packard. James Ward Packard, tó ń ṣe gílóòbù iná àti àwọn ohun èlò iná mànàmáná, ra ọkọ̀ Winton kan ní Cleveland ní 1898. Ọkọ̀ náà yọ ọ́ lẹ́nu títí. Nígbà tó gbé ẹjọ́ rẹ̀ lọ bá Alexander Winton tó ṣe é, Winton sọ fún un pé bó bá rò pé òun gbọ́n tó bẹ́ẹ̀, kó lọ ṣe tirẹ̀. Packard gba àwọn méjì kan kúrò lọ́dọ̀ Winton, òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ William Doud dáwọ́ lé iṣẹ́, nígbà tó sì di oṣù kọkànlá ọdún 1899, ọkọ̀ wọn àkọ́kọ́ ti ń rìn lójú títì Warren. Henry Joy, ọmọ olówó ará Detroit, ra ọ̀kan, ó fẹ́ràn rẹ̀ débi pé òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ kówó sínú ilé iṣẹ́ náà. Wọ́n kó o lọ sí Detroit ní 1903. Albert Kahn ló ya àwòrán ilé ìṣiṣẹ́ tí wọ́n kọ́ sí East Grand Boulevard, níbi tó ti lo kọnkéré onírin kí ilé lè gbòòrò, kí ìmọ́lẹ̀ sì wọlé dáadáa.

Láti ìgbà náà, Packard di ọkọ̀ bọ̀gìnnì tí àwọn ọlọ́lá Amẹ́ríkà fi ń mọ ara wọn. Ní 1915 wọ́n gbé Twin Six jáde, tó ní ẹ́ńjìnnì onísìlíńdà 12, nígbà tí àwọn mìíràn ṣì ń fi mẹ́jọ yangàn. Warren Harding fi Packard lọ síbi ìbúra rẹ̀ ní 1921, òun sì ni ààrẹ Amẹ́ríkà àkọ́kọ́ tí kò fi kẹ̀kẹ́ ẹṣin lọ. Stalin gan-an, tó ń bú àwọn olówó Amẹ́ríkà tọ̀sán-tòru, Packard ló ń gùn ní Moscow, nígbà tí àwọn ará Rọ́ṣíà sì fẹ́ ṣe ọkọ̀ ìjọba tiwọn lẹ́yìn ogun, ZIS-110 tí wọ́n ṣe jọ Packard bí ìbejì. Ní àwọn ọdún 1920, Cadillac, ọkọ̀ bọ̀gìnnì ti General Motors, ń wo ẹ̀yìn Packard ni. Ẹni tó bá mọ ìyẹn nìkan ló lè mọ bí ìṣubú yìí ti tó.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ mú kúrò lọ́nà. Àwọn kan ń sọ pé ọdún 1935 ni Packard ti pa ara rẹ̀, nígbà tí ó ṣe One Twenty, ọkọ̀ tí owó rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti 980 dọ́là, tí kò tó ìdajì iye tí Packard ńlá ń gbà. Wọ́n ní ó ba orúkọ jẹ́, pé bí dókítà àti tíṣà bá ti ń gun Packard, kí ni olówó tún fẹ́ fi í ṣe? Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọrọ̀ ajé ti dojú dé, Pierce-Arrow kú ní 1938, Duesenberg ti kú ṣáájú rẹ̀, Packard nìkan ló yè nínú wọn, One Twenty yìí ló sì gbà á là. Ohun tí n kò lè gbà wọ́n lọ́wọ́ rẹ̀ ni ohun tí wọ́n ṣe lẹ́yìn ogun: ọjà ti dára padà, olówó ti ń wá ọkọ̀, wọ́n ṣì ń ta ọkọ̀ olówó pọ́ọ́kú, wọ́n tilẹ̀ ń ṣe tasí. Cadillac jókòó sókè ní tirẹ̀. Nígbà tó di 1950, Cadillac ń tà ju 100,000 lọ lọ́dún kan.

Ogun ni wọ́n ti rí owó. Ní 1940, ìjọba Amẹ́ríkà gbé ẹ́ńjìnnì Merlin ti Rolls-Royce lọ fún Henry Ford pé kó bá wọn ṣe é, ó kọ̀. Packard gbà á, ó ṣe ohun tó lé ní 55,000, èyí tí wọ́n gbé sínú ọkọ̀ òfuurufú Mustang, Lancaster àti Mosquito. Nígbà tí ogun parí, ilé iṣẹ́ náà kò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ tó ń ṣe ti ń di ti àgbà. Cadillac gbé ẹ́ńjìnnì V8 tuntun, tí sìlíńdà mẹ́jọ rẹ̀ pín sí ìlà méjì bíi lẹ́tà V, jáde fún 1949, Chrysler ṣe tirẹ̀ ní 1951. Packard ṣì wà lórí ẹ́ńjìnnì onísìlíńdà mẹ́jọ tó tò sórí ìlà kan ṣoṣo títí di 1954. Ẹ́ńjìnnì tó dára ni o, kò pariwo, ó ń lọ wọ́ọ́rọ́wọ́. Àmọ́ ẹni tó ń ra ọkọ̀ bọ̀gìnnì kò fẹ́ gbọ́ pé ohun tí bàbá òun gùn lòun ṣì ń gùn.

Nínú oṣù karùn-ún 1952 ni wọ́n gbé James Nance wá ṣe ọ̀gá Packard láti Hotpoint, níbi tó ti ń ta sítóòfù àti fíríìjì. Àwọn kan ṣì ń fi ìyẹn ṣe yẹ̀yẹ́. Kò tọ́ sí i. Nance rí àìsàn náà ní ojú ẹsẹ̀: ó ní kí wọ́n ya ọkọ̀ olówó pọ́ọ́kú sọ́tọ̀, kí wọ́n máa pè é ní Clipper, kí orúkọ Packard padà sọ́dọ̀ àwọn ọlọ́lá. Ó ní kí wọ́n ṣe V8. Ní 1953, ó gbé Caribbean jáde, ọkọ̀ tí a lè ṣí orí rẹ̀, 750 péré ni wọ́n ṣe lọ́dún náà, ẹwà rẹ̀ sì mú kí àwọn èèyàn tún bẹ̀rẹ̀ sí yíjú wo Packard. Ọdún náà dùn: wọ́n ṣe bíi 90,000 ọkọ̀.

Lẹ́yìn náà ni nǹkan mẹ́ta já lù ú lẹ́ẹ̀kan náà.

Èkínní, Ford àti General Motors wọ̀yá ìjà. Ford fẹ́ gba ipò kìíní lọ́wọ́ Chevrolet tí General Motors (GM) ń ṣe, ló bá ń da ọkọ̀ sọ́wọ́ àwọn dílà bí ẹni ń da iyanrìn, kí wọ́n tà á ní iyekíye. GM dá a lóhùn lọ́nà kan náà. Àwọn méjèèjì kò fara pa. Àwọn ilé iṣẹ́ kéékèèké tó dá dúró, Nash, Hudson, Studebaker, Packard, ni erin tẹ̀ mọ́lẹ̀.

Èkejì, ìjọba Eisenhower gé iṣẹ́ ológun tí Packard fi ń gbéra. Packard ń ṣe ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ òfuurufú jẹ́ẹ̀tì J47 ní Utica, ìpínlẹ̀ Michigan. Kọ̀ńtíráàtì náà lọ. Charles Wilson ni mínísítà ètò ààbò nígbà náà, ẹni tó ti jẹ́ ọ̀gá àgbà General Motors rí. N ò sọ pé ó mọ̀-ọ́n-mọ̀ ṣe é, ṣùgbọ́n àwọn ará Packard kò gbàgbé orúkọ rẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni ó dùn mí jù. Láti 1940 ni Packard ti gbé iṣẹ́ bọ́dì ọkọ̀ rẹ̀ fún ilé iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Briggs, nítorí wọ́n ní yóò dín owó kù. Ilé iṣẹ́ tó fi iṣẹ́ ọwọ́ gba orúkọ kò wá ní ibi tó ti ń ṣe ara ọkọ̀ tirẹ̀ mọ́. Walter Briggs kú ní 1952, nígbà tí 1953 sì ń parí lọ, Chrysler ra Briggs. Chrysler sọ fún Packard pé lẹ́yìn ọkọ̀ 1954, òun kò ní bá a ṣe bọ́dì mọ́. Orogún ẹni ló wá di ẹni tó di okùn sokoto ẹni mú.

Ní 1954, bíi 31,000 ọkọ̀ ni Packard ṣe. Ní ọdún tó ṣáájú, 90,000.

Ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ ìdàpọ̀ gbóná. George Mason, ọ̀gá Nash, ti ń sọ ọ́ tipẹ́ pé bí àwọn kéékèèké mẹ́rin náà kò bá wọ abẹ́ òrùlé kan, wọn ò ní yè é. Òun àti Hudson dà pọ̀ ní oṣù karùn-ún 1954, wọ́n di American Motors. Packard ní tirẹ̀ yíjú sí Studebaker.

Ẹni tó bá wo Studebaker látòkèrè kò lè rí àbùkù. Láti 1852 ni ìdílé náà ti ń ṣe kẹ̀kẹ́ ẹrù ní South Bend. Lẹ́yìn ogun, àwọn ló kọ́kọ́ gbé ọkọ̀ tó ní ìrísí tuntun jáde, ní 1950 wọ́n sì tà ju 300,000 lọ. Alága wọn, Paul Hoffman, ni ìjọba Amẹ́ríkà fi ṣe olórí Ètò Marshall tó fi owó tún Yúróòpù kọ́. Ta ni yóò fura pé ẹni tó tún Faransé àti Jámánì ṣe kò lè mọ bí owó ṣe ń wọlé ní South Bend? Studebaker ní dílà púpọ̀ ju Packard lọ, ó ń ṣe ọkọ̀ akẹ́rù, ọkọ̀ rẹ̀ wà fún mẹ̀kúnnù. Packard ní owó lọ́wọ́ àti orúkọ lókè. Lórí ìwé, ọkọ pàdé aya.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹfà ju èje lọ. Studebaker máa ń yangàn pé òṣìṣẹ́ òun kò mọ ìyanṣẹ́lódì. Ìdí rẹ̀ ni pé ohunkóhun tí wọ́n bá ti béèrè ni àwọn ọ̀gá ń fún wọn. Owó iṣẹ́ South Bend wà lára èyí tó pọ̀ jù ní gbogbo ilé iṣẹ́ ọkọ̀ Amẹ́ríkà, iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe fún wákàtí kan kò sì tó ti Detroit. Nínú oṣù kẹjọ 1954, nígbà tí ìdàpọ̀ ti ń bọ̀ lọ́nà, wọ́n ní láti bẹ àwọn òṣìṣẹ́ náà kí wọ́n gbà kí owó wọn dín kù. Wọ́n kọ̀, wọ́n tún ìbò dì, wọ́n gbà. Èyí tó yẹ kó la Packard lójú nìyẹn. Ọkọ̀ tí Studebaker tà lọ́dún náà kò tó 100,000.

Síbẹ̀, Packard kò tú ìwé owó Studebaker wò fínnífínní kí ó tó fọwọ́ síwèé. Mo ti ro ọ̀rọ̀ yìí sọ́tùn-ún sósì. Nance kì í ṣe òmùgọ̀, àwọn tó ń gba ilé iṣẹ́ náà nímọ̀ràn kì í ṣe ọmọdé. Ó dà bíi pé ìgbẹ́kẹ̀lé rẹ̀ ni pé ìdàpọ̀ kejì ń bọ̀, pé Studebaker-Packard àti American Motors yóò tún dà pọ̀, tí gbogbo wọn yóò di ilé iṣẹ́ ńlá kẹrin lẹ́yìn GM, Ford àti Chrysler. Ẹni tó rò pé ilé gbogbo ni wọn yóò tún kọ́ kì í yẹ ògiri yàrá kan wò. Àwọn tó ní ìpín dìbò nínú oṣù kẹjọ, ìdàpọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 1, oṣù kẹwàá. Ọjọ́ méje péré lẹ́yìn ìyẹn, ní ọjọ́ 8, George Mason kú. George Romney tó bọ́ sí ipò rẹ̀ kò fẹ́ ìdàpọ̀ kankan. Ó ra V8 Packard fún ìgbà díẹ̀, ó ṣe ti ara rẹ̀ ní 1956, ó bá tirẹ̀ lọ.

Ẹ̀yìn ìgbéyàwó ni wọ́n tó wá yẹ aṣọ ìyàwó wò. Nance rán Walter Grant, tó ń bójú tó owó ní Packard, lọ sí South Bend. Harold Vance tó jẹ́ ọ̀gá Studebaker ti sọ fún wọn pé bí òun bá ta 165,000 ọkọ̀ lọ́dún, òun ti rí ojú owó òun. Grant ṣírò ó. 282,000 ló bá a.

Kí olùkàwé dúró síbi nọ́ńbà yìí díẹ̀. Studebaker kò lè ta 100,000. Ó ní láti ta bíi ìlọ́po mẹ́ta kí ó tó lè dẹ́kun jíjẹ owó. Packard tó wá gba ara rẹ̀ là ti fi owó ogun rẹ̀ ra kòtò kan, kòtò náà sì ń gbẹ́ ara rẹ̀ sí i lójoojúmọ́.

Ìyẹn nìkan kọ́. Nítorí ọ̀rọ̀ Briggs, Packard gba ilé ìṣiṣẹ́ kékeré kan lọ́wọ́ Chrysler ní Conner Avenue, kò fi bọ́dì nìkan síbẹ̀, ó kó gbogbo tító ọkọ̀ lọ síbẹ̀ pẹ̀lú. Ilé náà há. Bẹ́ẹ̀, ọdún tí wọ́n kó lọ náà, 1955, ni ọdún tí wọ́n gbé ohun tuntun jáde jù: V8 tuntun, gíà tí wọ́n tún ṣe, àti ohun tí wọ́n pè ní Torsion-Level.

Mo gbọ́dọ̀ ṣàlàyé èyí, torí pé òun ni ẹ̀rí pé ọgbọ́n kò tán ní Packard. Súpíríǹgì ni ọkọ̀ mìíràn ń fi gbá gẹlẹgẹ̀lẹ̀ ojú ọ̀nà. William Allison, ẹnjiníà Packard, ní kí wọ́n yọ súpíríǹgì, kí wọ́n fi irin gbọọrọ so táyà iwájú mọ́ táyà ẹ̀yìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan. Bí táyà iwájú bá gun òkè, irin náà á lọ́, á sì ti agbára náà sẹ́yìn, ara ọkọ̀ á wà ní ìtẹ́jú, kò ní forí balẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni kò ní dìde. Mọ́tò iná kékeré kan tún wà níbẹ̀: bí àwọn èèyàn mẹ́ta bá jókòó sẹ́yìn tàbí wọ́n di ẹrù sínú búùtù, yóò dúró fún ìṣẹ́jú àáyá 7 kó lè mọ̀ pé kì í ṣe kòtò lásán, lẹ́yìn náà á gbé ẹ̀yìn ọkọ̀ padà sókè. Kò sí Cadillac tó ní irú rẹ̀ lọ́dún náà. Richard Teague sì tún ojú ọkọ̀ náà ṣe, ó wọ bọ́dì àtijọ́ ní aṣọ tuntun débi pé ọ̀pọ̀ èèyàn kò mọ̀ pé bọ́dì 1951 ni.

Àwọn èèyàn yọ́ sí i, wọ́n ra bíi 55,000. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí dá a padà. Ilẹ̀kùn kò pa dáadáa, gíà ń bàjẹ́, ẹ́ńjìnnì ń dún kọ́kọ́kọ́ nítorí òróró tí kò dé ibi tó yẹ kó dé. Àwọn dílà ló wá ń parí iṣẹ́ tí wọn ò parí ní Conner. Ẹ bi ẹni tó ní in: ẹ jẹ́ ká sọ pé àwọn tó ní in lọ́dún náà ní ohun púpọ̀ láti sọ. Ọkọ̀ 1956 dára jù ú lọ, ṣùgbọ́n kò tó 29,000 tí wọ́n ṣe.

Ilé iṣẹ́ méjèèjì pàdánù bíi mílíọ̀nù 30 dọ́là ní 1955, ó di mílíọ̀nù 43 ní 1956. Nance fẹ́ kí ọkọ̀ 1957 Packard, Clipper àti Studebaker lo irin kan náà lábẹ́ kí owó lè dín kù. Ètò tó dára ni, ó ti pẹ́ jù ni. Ó lọ bá báńkì, ó lọ bá àwọn ilé iṣẹ́ adójútòfò, wọ́n ní àwọn kò ní owó fún un. Ó tilẹ̀ tọ Ford lọ bóyá òun lè fi bọ́dì Lincoln ṣe Packard. Kò bọ́ sí i. Ọkọ̀ ìdánwò kan ti wà nílẹ̀ fún 1957, dúdú, tí wọ́n pè ní Black Bess. Teague ló sọ lẹ́yìn náà pé wọ́n ní kí wọ́n fi iná gé e wẹ́lẹwẹ̀lẹ.

Ní ọjọ́ 25, oṣù kẹfà, ọdún 1956, Packard tó kẹ́yìn jáde ní Detroit. Curtiss-Wright, tó ń ṣe ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ òfuurufú, wá gba àkóso ilé iṣẹ́ náà nínú oṣù kẹjọ, ó mú iṣẹ́ ológun tó kù, ó sì gbé tító ọkọ̀ lọ sí South Bend pátápátá. Ẹ kíyè sí i: Packard ló ra Studebaker, ilé Packard ni wọ́n tì. Ní 1957 àti 1958, Studebaker tí wọ́n lẹ orúkọ Packard mọ́ ni wọ́n ń tà, àwọn èèyàn ń pè é ní Packardbaker. Ọkọ̀ 1958 kò tó 3,000. Nínú oṣù keje ọdún náà, ó parí.

Nance lọ sí Ford, wọ́n sì ní kó bójú tó Edsel, ọkọ̀ tuntun tí kò rí ọjà. Orí burúkú kan ń tẹ̀ lé ọkùnrin náà. Àwọn dílà Studebaker-Packard bẹ̀rẹ̀ sí ta Mercedes-Benz láti 1957, nípasẹ̀ Curtiss-Wright, nítorí náà ẹni tó wá wo Packard lè rí ọkọ̀ Jámánì tó gba ipò rẹ̀ nínú gbọ̀ngàn kan náà. Studebaker ti South Bend pa iná ní oṣù kejìlá 1963; àwọn òṣìṣẹ́ tó lé ní 4,000 tí wọn kò tíì tó ọjọ́ orí ìfẹ̀yìntì gba bíi ìdá 15 nínú 100 owó ìfẹ̀yìntì tí wọ́n ṣèlérí fún wọn. Ìyẹn wà lára ohun tó mú kí ìjọba Amẹ́ríkà ṣe òfin owó ìfẹ̀yìntì ní 1974.

Ilé tí Albert Kahn kọ́ di ahoro fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní 2013 wọ́n ta á ní gbàǹjo fún 405,000 dọ́là, afárá rẹ̀ tó ré kọjá lórí títì wó ní 2019, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí wó ilé náà ní 2022.

Ọkọ̀ kan ṣẹ́ kù láti inú àlá Nance: Predictor, tí wọ́n ní kí Ghia, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe bọ́dì ọkọ̀, ṣe ní Ítálì fún ìpàtẹ Chicago ní 1956, láti fi han ayé bí Packard tuntun yóò ṣe rí. Ó ṣì wà títí di òní, wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ dáadáa. South Bend ló wà, nínú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Studebaker.